Ẹyẹ Tó Ń Kan Fèrèsé Kàfáyàt

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sọ ohun kan ṣoṣo nípa Kàfáyàt ọmọ Ìṣẹ́yìn, ẹ sọ fún un pé obìnrin náà kò kó ẹrù ẹ̀. Ó tán. Àlàyé ni gbogbo ìyókù. Àmọ́ àlàyé yẹn ni mo jókòó tì lónìí, torí àwọn tó ń rò ó kiri ń rò ó gbòdì. Wọ́n á fi ata sí i, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á wá gbàgbé ẹyẹ tó wà nídìí ọ̀rọ̀.

Lọ́dún 1997, yàrá kan wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Abu Shagara, ní Sharjah, níbi tí ṣọ́ọ̀bù ọkọ̀ àlòkù ti pọ̀ ju ilé oúnjẹ lọ. Obìnrin mẹ́rin láti Nàìjíríà ló pín bedspace níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní Deira, àdúgbò ọjà ní Dubai, ni gbogbo wọn ti ń ra ọjà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Èkó, àmọ́ owó ilé Dubai ti ga ju ti wọn lọ, Sharjah ni wọ́n ń wá sùn. Sister Ọlọ́ládé ló gba yàrá náà lọ́wọ́ onílé. Onígbàgbọ́ ni, àdúrà ẹ̀ kì í sì í ṣe jẹ́jẹ́. Àńtí Asiat ló dàgbà jù nínú wọn. Léèsì ló ń rà, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ débi pé ohun tó bá sọ ní Deira, níbi tí wọ́n ti ń di kágò, ó ti dòfin. Nusirat ló kéré jù. Ó lọ́kọ, àmọ́ àwọn ọkùnrin ni ọkọ ẹ̀ ń bá gbé ní Deira, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni wọ́n ń rójú ríra. Ẹnì kẹrin ni Kàfáyàt.

Bàtà ọmọdé ni Kàfáyàt ń rà. Obìnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ojú ẹ̀ le, ẹnu ẹ̀ mú. Kì í bẹ oníṣọ́ọ̀bù. Bí ará India tó ń tajà bá ti ní iye tóun máa gbà nìyẹn, Kàfáyàt á ní "khalas", ó parí, á kọ̀yìn sí i, á máa lọ, kò sì ní bojú wẹ̀yìn àfi tí wọ́n bá sáré tẹ̀ lé e. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Ìgbéraga kọ́ o! Ẹni tó bá rí ohun tí Kàfáyàt rí ní kékeré, tó tún ń tẹrí ba fún gbogbo ayé, onítọ̀hún ló yẹ ká máa bẹ̀rù.

Ohun tó rí nìyí. Ọmọ orogún ìyá ẹ̀ kú ní Ìṣẹ́yìn. Ẹyẹ kan sì ti ń ké lórí òrùlé wọn láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Wọ́n ní ìyá Kàfáyàt ló ni ẹyẹ. Obìnrin náà kò fèsì. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó tẹrí mọ́lẹ̀, ó kó ẹrù ẹ̀ sínú agbọ̀n, ó fa ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́, ó jáde nílé ọkọ. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Bí kì í bá ṣe òun, kí ló dé tí kò lè sọ̀rọ̀?" Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìyá náà ṣì wà láyé, ó ń dá gbé lẹ́yìn ìlú, àwọn ọmọdé sì ń gba ọ̀nà ibòmíràn kọjá. Ọjọ́ tí wọ́n jáde yẹn ni Kàfáyàt ti pinnu pé kò sí ọ̀rọ̀ tó máa kan òun tóun máa dákẹ́.

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe kàn án. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn ni bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ wà. Oòrùn Sharjah kì í yọ ní tiẹ̀, ńṣe ló máa ń já wọlé bí ọlọ́pàá. Làtífù, ọmọ àbúrò ìyá ẹ̀, wà ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ọkọ̀ ìsàlẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni kó máa lẹ ọ̀rá dúdú àti ọ̀rá dídán mọ́ gíláàsì ọkọ̀ nítorí oòrùn. Ó mú èyí tó ń dán gbinrin bíi dígí wá, ó fi omi ọṣẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Yàrá tutù. Ó ní kóun lẹ ti Àńtí Asiat náà, torí fèrèsé tiẹ̀ wà lára ògiri kan náà, ní ìpẹ̀kun kejì. Àńtí Asiat ní òun ò fẹ́, pé òun ò lè máa gbé inú òkùnkùn. Kàfáyàt bá ká èyí tó ṣẹ́ kù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Kò pẹ́ sí i ni ẹyẹ dé. Bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, tí ojú ọjọ́ ń là bọ̀, ẹyẹ kékeré kan á fò wá sójú fèrèsé Kàfáyàt. Kò ju àtàǹpàkò ọkùnrin lọ. Dúdú ni, àmọ́ dúdú tó ń yí padà ni, bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, á máa kọ yẹ̀rì bí epo ọkọ̀ lójú omi. Ẹnu ẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tẹ̀. Á na ìyẹ́ gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, á fi ẹnu kan gíláàsì: kọ́, kọ́, kọ́. Á fò sẹ́yìn, á tún padà wá. Kọ́, kọ́, kọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi í rín. Nusirat á ní, "Àńtí Kàfáyàt, àlejò yín ti dé o," gbogbo yàrá á bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Nusirat lóyún, oyún náà sì bàjẹ́ lọ́sàn-án gangan ní ìdí káńtà oníṣọ́ọ̀bù kan ní Deira. Kàfáyàt ló gbé e wọ takisí, òun ló dì í mú ní hòsípítù, òun ló fọ aṣọ ẹ̀ nígbà tí wọ́n padà délé. Ẹ rántí ìyẹn. Bó ṣe ń sá aṣọ náà lọ́wọ́ ni Àńtí Asiat jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tó fọwọ́ lẹ́rán, tó ní:

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ?"

Kò dárúkọ ẹnì kankan. Kò nílò àtidárúkọ. Gbogbo ojú ló yí sí fèrèsé.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé Deira. Àwọn tó ń di kágò ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mùlíkàt, tó ń ta awọ, tí òun àti Kàfáyàt ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan láti ọjọ́ pípẹ́, ní òun ò lè jẹun lónìí, òun ń gbààwẹ̀.

Kàfáyàt wò ó. "Ààwẹ̀ wo ni wọ́n ń gbà lọ́jọ́rú, Mùlíkàt?"

Mùlíkàt ń wo ilẹ̀. Kàfáyàt dá nìkan jẹ oúnjẹ ẹ̀ tán, ó fọ abọ́, ó sì gbé e síwájú Mùlíkàt. Ó ní bí ààwẹ̀ bá tán, kó wá gba tiẹ̀ nínú abọ́ náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n jókòó lé e lórí nínú yàrá. Àńtí Asiat gbé Kùránì tó fi aṣọ funfun wé kalẹ̀.

"Kàfáyàt, a ò bá ẹ jà o. Gbọ́wọ́ lé e, kó o sọ pé o ò mọ nǹkan kan nípa ẹyẹ yẹn."

"Mi ò ní búra."

"Háà!"

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa, Àńtí Asiat. Mi ò ní gbọ́wọ́ lé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nítorí ẹyẹ. Ẹyẹ! Ẹ̀yin lẹ ní èmi ni mò ń rán an. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá búra pé ẹ rí mi níbi tí mo ti ń rán an."

Sister Ọlọ́ládé gbìyànjú àtipẹ̀tù sí i. "Àńtí Kàfáyàt, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà búra kí wàhálà yìí tán. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá mọ́, kí ló ń bẹ̀rù?"

"Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, ẹ ní kó wá fọwọ́. Mi ò fọ̀!"

Nusirat kò dá sí i. Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ìyẹn ló dun Kàfáyàt wọ eegun, ju Kùránì lọ, ju Deira lọ. Ó dúró, ó ń retí kí ọmọbìnrin náà yíjú sóun lẹ́ẹ̀kan péré. Kò yíjú.

Àńtí Asiat wá dìde. "Ó ti yé mi. Ọlọ́ládé, ìwọ lo ni yàrá. Bó bá fi di ọjọ́ Jímọ̀ tí kò kó ẹrù ẹ̀, èmi á kó tèmi, wọ́n á sì bi mí ní Deira pé kí ló lé mi jáde, màá sì sọ fún wọn."

Ọlọ́ládé, tó gbójú gbóyà lójú àdúrà, kò gbójú níwájú Asiat. Ó ní, "Àńtí Kàfáyàt, ẹ má bínú. Kó tó di Jímọ̀."

Ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń jà sí. Bedspace pọ̀ ní Sharjah bí iyanrìn. Àmọ́ bí Kàfáyàt bá fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ jáde ní yàrá yẹn, ọ̀rọ̀ náà á bá àwọn oníṣòwò wọ ọkọ̀ òfúrufú, á sọ̀ ní Èkó, á wọ mọ́tò Ìṣẹ́yìn, á sì dé ẹnu ọ̀nà ìyá arúgbó lẹ́yìn ìlú. Wọ́n á ní, "A ò sọ? Ọmọ ti jogún ìyá." Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Orúkọ èèyàn méjì ni.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ó fa àpótí ẹ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣí i. Ó ká ìró kan sínú ẹ̀. Ó wá jókòó, ó ń wo ìró náà, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Ó yọ ìró náà, ó fẹsẹ̀ ti àpótí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Wọ́n ní ẹyẹ mi ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lẹ́yẹ, ṣebí ó yẹ kó mọ ẹyẹ ẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, kò lọ sí Deira. Ó jókòó ti fèrèsé títí ẹyẹ fi dé, tó jà títí tó fi rẹ̀ ẹ́, tó sì fò lọ. Kàfáyàt sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbójú sókè bí ẹni tó ń wá òṣùpá ààwẹ̀. Kò rí ẹyẹ. Ó ń gbọ́ ohùn ẹ̀ ṣáá, ohùn tó yá, tó mú, tó pọ̀ ju ara tó ń ti inú ẹ̀ jáde lọ. Ó tẹ̀ lé ohùn náà gba ìdí mọ́ṣáláṣí, níbi tí òdòdó pupa wà lára ọgbà. Ibẹ̀ ló ti bá a, tó ti ẹnu bọ inú òdòdó kan, tó fà á, tó bọ́ sí òmíràn. Ó mú aláǹtakùn kan jẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí irú ẹ̀ mìíràn bá yọjú, á lé e dé òdìkejì títì. Kàfáyàt rántí pé irú ẹyẹ elẹ́nu títẹ̀ báyìí wà nílé, tó máa ń fa oje òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń pe ìyẹn lájẹ̀ẹ́.

Nígbà tó yá, ẹyẹ gbéra, ó wọ àgbàlá ṣọ́ọ̀bù ọkọ̀ tí Làtífù ti ń ṣiṣẹ́. Kàfáyàt wọlé tẹ̀ lé e. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé gbogbo dígí ẹ̀gbẹ́ àwọn ọkọ̀ ló wà nínú ọ̀rá. Ọkọ̀ tó tò lọ rẹrẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ọ̀rá ìrajà wé etí ẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì fi okùn dì í.

"Làtífù, kí lẹ di etí ọkọ̀ fún?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Khan ló dì í. Ẹyẹ kan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu."

Ará Pakistan ni Khan, òun ló ń ṣọ́ àgbàlá, irùngbọ̀n ẹ̀ pupa fún làálì. Bó ṣe gbọ́ "ẹyẹ", ó bú jáde. Ó ń fi ọwọ́ gbá orí, ó ń ní "pagal, pagal". Làtífù ní wèrè ló ń pe ẹyẹ. Khan ní shakar khora ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiwọn, ajẹ-ṣúgà. Ó ní bí àkókò tó ń gbéyàwó bá ti dé báyìí lọ́dọọdún, orí ẹ̀ kì í pé mọ́. Bó bá rí ara ẹ̀ nínú dígí, á rò pé akọ mìíràn ló fẹ́ gba ìyàwó òun, á máa fi ẹnu kan dígí láti àárọ̀ dalẹ́, á sì máa yàgbẹ́ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀. Oníbàárà ń bínú, ọ̀gá ń bú òun.

Kàfáyàt ní, "Lọ́dọọdún?"

Làtífù bi í. Khan ní láti ìgbà tóun ti wà níbẹ̀.

Kàfáyàt lọ sídìí ọkọ̀ funfun kan, ó tú ọ̀rá etí ẹ̀, ó sì bọ́ sẹ́yìn. Kò pẹ́ tí ẹyẹ fi dé. Gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́. Ohùn kan náà tí wọ́n ń gbọ́ nínú yàrá! Ó dì í padà, ẹyẹ lọ. Ó tún tú u, ẹyẹ dé. Khan ń pariwo "yalla, yalla, kúrò níbẹ̀!" àmọ́ Kàfáyàt ti ń rẹ́rìn-ín. Ó rín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, Làtífù sì ń wò ó tìfura-tìfura, torí kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún.

Lẹ́yìn àgbàlá náà ni igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí wọ́n ń pè ní sidr wà, ẹ̀ka ẹ̀ tẹ̀ kọjá ògiri. Khan nawọ́ sí i, ó ní ibẹ̀ nilé wèrè. Kàfáyàt wò ó, kò rí nǹkan kan, ó tún wò ó. Ìtẹ́ náà so rọ̀ lẹ́nu ẹ̀ka, kò ju ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun lọ, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Koríko gbígbẹ àti òwú aláǹtakùn ni wọ́n fi hun ún, àti ọ̀rá tó já lára okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù, àti fọ́nrán léèsì aláwọ̀ osùn. Kàfáyàt mọ léèsì yẹn. Ojú fèrèsé ni Àńtí Asiat máa ń gbọn èérún léèsì ẹ̀ sí. Ìyàwó ilé yọ orí jáde, òun ò dúdú bí ọkọ ẹ̀, ó rí bíi ewé gbígbẹ lẹ́yìn, àyà ẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó wo Kàfáyàt, ó padà wọlé.

Gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ tìtorí ẹ̀ pa orúkọ òun nìyí? Akọ ẹyẹ tó ń jà nítorí ilé ẹ̀? Ojú ọ̀run tẹ́yẹ ẹ́ fò láìfara kanra, yàrá kan ní Abu Shagara ni kò gba èèyàn mẹ́rin!

Ó lè sáré padà lọ ṣàlàyé. Ẹ̀yin àti èmi là bá ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Kàfáyàt mọ àwọn tóun ń bá gbé. Bóun bá ní dígí ni, Àńtí Asiat á ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe mọ ẹyẹ ẹ̀ tó?" Àti pé, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, kì í ṣe àlàyé ló wà lọ́kàn ẹ̀. Ìkà ló wà níbẹ̀. Ó fẹ́ kí Asiat tọ́ ọ wò.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, nígbà tí gbogbo wọn wà ní Deira, ó fi omi ọṣẹ rẹ ọ̀rá dídán ojú fèrèsé ẹ̀, ó sì bó o kúrò. Ó fa èyí tó ṣẹ́ kù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde, ó lọ sí ìpẹ̀kun yàrá, ó ká kọ́tìnì Àńtí Asiat sápá kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa, ó sì fa kọ́tìnì padà. Ó wá lọ dáná, ó ń kọrin.

Ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ mọ́. Wọ́n kírun. Àńtí Asiat ká ẹní ẹ̀, ó jókòó sẹ́nu bẹ́ẹ̀dì, ó wo Kàfáyàt. "Ọjọ́ pé o. Àpótí ẹ dà?"

Kàfáyàt ní, "Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ló máa wà."

Kọ́, kọ́, kọ́.

Gbogbo wọn wo fèrèsé Kàfáyàt. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Kọ́, kọ́, kọ́. Ẹ̀yìn Àńtí Asiat ló ti ń wá.

Obìnrin náà dìde bí ẹni tí iná ta. Ọlọ́ládé pariwo, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Òjìji ìyẹ́ kéékèèké ń gbọ̀n lára kọ́tìnì. Kọ́, kọ́, kọ́.

"Kì í ṣe èmi!" Asiat ti fa Kùránì yọ, ẹnì kankan ò sì tíì ní kó búra. "Mo fi Kùránì búra, kì í ṣe èmi! Mo fi ọmọ tí mo bí búra!"

Kàfáyàt jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó dùn mọ́ ọn. Ó dùn bí oyin.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ọlọ́ládé, tí kò gbójú níwájú Asiat rí, ti gun àga, ó ń fa àpótí Asiat bọ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Ẹni tó ń pariwo olè gan-an lolè! Kò ní dalẹ́ níbí!" Nusirat dìde jókòó, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa yíjú kúrò lára ògiri nìyẹn, ó ní, "Àńtí Asiat, kí ni mo fi ṣe yín?" Ìbéèrè yẹn ba Asiat níbi tí kò ti mọ̀ pé ó ń dunni. Ó gbé Kùránì sílẹ̀. Ó tẹrí mọ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà ẹ̀.

Kàfáyàt mọ orí tó tẹ̀ yẹn. Ó ti rí i rí, ní Ìṣẹ́yìn, láti ìsàlẹ̀, lójú ọmọ tí wọ́n fà lọ́wọ́. Oyin kò dùn mọ́.

"Ẹ sọ̀rọ̀!" Òun fúnra ẹ̀ ló pariwo bẹ́ẹ̀, ó ya òun gan-an lẹ́nu. "Àńtí Asiat, ẹ má dákẹ́! Ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe ẹ̀yin! Ẹ bá wọn jà!"

Kàfáyàt dìde, ó kọjá láàárín wọn, ó ya kọ́tìnì sí méjì.

"Ẹ wá wò ó. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sún mọ́bí. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń sá fún un, ẹnì kan ò wò ó rí."

Wọ́n wò ó. Ẹyẹ ò tiẹ̀ rí wọn, ara ẹ̀ nìkan ló ń rí. Ó ń na ìyẹ́, ó ń kan gíláàsì, àyà ẹ̀ ń lù kìkìkì. Kàfáyàt ti èékánná bọ etí ọ̀rá dídán, ó fà á ya láti òkè dé ilẹ̀. Ẹyẹ dáwọ́ dúró. Ó bà lé etí fèrèsé, ó yí orí síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ń wá ọ̀tá ẹ̀. Nígbà tí kò rí i, ó kọrin kan tó mú, ó sì fò lọ sórí igi sidr.

"Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ lánàá," ni Kàfáyàt wí. "Tèmi wà lójú fèrèsé mi kí n tó bó o kúrò. Ibi tí dígí bá wà ló ń lọ. Akọ ẹyẹ ni, ìyàwó ẹ̀ wà nílé, ó ń bá òjìji ara ẹ̀ jà. Ẹ̀yin náà sì bá a dá sí i."

Ọlọ́ládé ṣì wà lórí àga, ó gbé àpótí dání bí ẹni tí wọ́n ká mọ́.

Asiat ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "O fi mí ṣẹ̀sín, Kàfáyàt."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin fẹ́ pa mí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo jẹ́ kẹ́ ẹ fi wà níbi tẹ́ ẹ fi mí sí láti ọjọ́ yìí. Mi ò ní bẹ̀ yín. Ẹ̀yin náà ẹ má bẹ̀ mí nínú yàrá níbí, torí inú yàrá kọ́ lẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́ tán. Deira ni. Bẹ́ ẹ bá ti kírun Jímọ̀ tán, níwájú àwọn tó ń di kágò, ẹ̀ẹ́ sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tẹ́ ẹ fi sọ ti àkọ́kọ́. Ẹrù mi ò sì ní kúrò níbi tó wà."

Kí ẹ tó dá Asiat lẹ́bi tán, ẹ gbọ́ èyí: ó lọ. Èèyàn tó bá ti dòfin, kì í rọrùn fún un láti tú òfin ara ẹ̀ ká lójú ọjà. Ó gun orí ẹrù kan tí wọ́n ti dì, ó mú ìbòrí ẹ̀ le, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn, ẹyẹ lásán ni. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa Kàfáyàt, irọ́ ni, ẹnu mi ló sì ti jáde." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, Asiat ní kí onítọ̀hún yọjú sí òun. Ẹ̀rín náà kú. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jẹ́ dúró gba tiẹ̀, ó yẹ ká kí i.

Kàfáyàt kò kí i ṣá. Ọ̀dọ̀ Mùlíkàt ló kọjú sí, ó ní, "Ṣé ààwẹ̀ ti tán?" Mùlíkàt na abọ́ sí i, ojú ń tì í.

Ti Nusirat ló le jù. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó wá, tó di etí ìró Kàfáyàt mú bí ọmọdé, tó ní, "Àńtí Kàfáyàt, ẹ mú mi lọ wo ilé ẹyẹ náà." Wọ́n dúró lábẹ́ igi sidr. Akọ ń gbé aláǹtakùn wá, ẹnu kéékèèké méjì ń là nínú ìtẹ́. Nusirat wò ó, ó wá sun ẹkún tí kò sun láti hòsípítù. Inú ṣì ń bí Kàfáyàt sí i, kò sì purọ́ pé inú ò bí òun. Àmọ́ ó di ọwọ́ ẹ̀ mú títí ó fi sun ún tán.

Kàfáyàt pẹ́ ní Abu Shagara lẹ́yìn ìyẹn. Ibi tí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ wà, ibẹ̀ ló wà. Kò lẹ ọ̀rá dídán mọ́, kí ẹyẹ lè sinmi. Nígbà tí ooru dé, dúdú dídán náà ṣí kúrò lára ẹ̀, ó pọ́n bí ìyàwó ẹ̀, ìlà dúdú kan ṣoṣo ló kù láti ọ̀fun ẹ̀ dé ikùn. Gbogbo ayé ní ó ti lọ. Kàfáyàt nìkan ló ń rí ìlà yẹn tó ń ní, "Mo mọ̀ ẹ́."

Àmọ́ kó tó dìgbà ooru yẹn, ó ti ṣe ohun kan. Ó gbé rédíò ẹ̀ sójú fèrèsé ní ìdájí, ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, ó gba ohùn ẹyẹ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn ẹyẹ, ó sọ̀rọ̀ tiẹ̀: "Ìyá mi, mo kí yín. Ohùn tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, ẹyẹ tí wọ́n ní mo ni ni. Wọ́n ní àjẹ́ ni mí. Wọ́n ní kí n kó ẹrù mi. Mi ò kó o." Ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àti dígí, àti ìtẹ́, àti Khan onírùngbọ̀n pupa. Ó fi rán ẹni tó ń lọ sílé.

Èsì dé bí òjò ilé ṣe ń bẹ̀rẹ̀, lórí kásẹ́ẹ̀tì kan náà. Kàfáyàt jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ gbọ́ òjò lórí páànù. Ó gbọ́ ikọ́. Lẹ́yìn náà, ìyá ẹ̀ kí i, ó sì wúre fún un. Arúgbó náà tún wúkọ́, ó wá ní:

"Kàfáyàt, mo ti gbọ́ ẹyẹ tìẹ. Tèmi yẹn, èyí tó ké lórí òrùlé wa, mi ò mọ irú ẹyẹ tó jẹ́ títí dòní. Ilẹ̀ ni mò ń wò lọ́jọ́ náà. Mi ò gbójú sókè wò ó."